Ta ló jókòó sí ipò ta? Bí ìfirọ́pò átọ́ọ̀mù ṣe ń sọ ohun èlò onírin di súpákọ́ńdọ́tọ̀: ìtọ́sọ́nà fún akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní Ìbàdàn

Lọ́dọọdún, tí àsìkò project bá ti dé, akẹ́kọ̀ọ́ kan tàbí méjì máa ń wá bá mi ní Agbowó pẹ̀lú ìwé tí wọ́n tẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ti fi báírò pupa fàlà sí gbogbo abẹ́ rẹ̀. Èyí tó wá kẹ́yìn ti Òjóò wá. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní tí wọ́n bá fi kóbáàtì rọ́pò díẹ̀ nínú irin, ó máa di súpákọ́ńdọ́tọ̀. Lórí àtẹ àwọn élímẹ́ǹtì, kóbáàtì ló tẹ̀ lé irin, mangáníìsì ló ṣáájú irin. Kí ló dé tí mangáníìsì kì í ṣe é?"

Ìbéèrè gidi ni. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí kí ẹni tó bá ní kàkúlétọ̀, ìwé gíráàfù àti laptop kan lè rìn ín débi ìdáhùn fúnra rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú láti ìsinsìnyí ni pé kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n fi sí i, ẹ béèrè ibi tó jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀

Súpákọ́ńdọ́tọ̀ ni ohun tí iná mànàmáná lè gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdíwọ́ kankan, tó sì máa ń lé agbára òòfà jáde kúrò nínú ara rẹ̀, bí òtútù bá ti mú un tó. Heike Kamerlingh Onnes ló kọ́kọ́ rí i ní Leiden, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, lọ́dún 1911, nínú mákúrì tó tutù dé 4.2 K. K yìí ni Kelvin. Òdo Kelvin jẹ́ −273.15 °C, nítorí náà ọ̀sán Ìbàdàn tó bá gbóná dé 30 °C jẹ́ bíi 303 K. Ìwọ̀n tí ohun kan fi ń di súpákọ́ńdọ́tọ̀ ni à ń pè ní Tc.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá ń wá súpákọ́ńdọ́tọ̀ kì í sún mọ́ irin. Òòfà ni irin, òòfà sì máa ń tú àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nì tó so pọ̀ ní méjì-méjì ká, bẹ́ẹ̀ ìsopọ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ súpákọ́ńdọ́tọ̀ dúró lé. Ìgbà tí Hideo Hosono àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tokyo rí LaFePO lọ́dún 2006, Tc rẹ̀ kò ju bíi 4 K lọ, àwọn èèyàn ò sì fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Lọ́dún 2008 ni wọ́n mú LaFeAsO, tí wọ́n fi fúlórínì rọ́pò díẹ̀ nínú ọ́síjìn rẹ̀, Tc sì fò dé 26 K. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ará Ṣáínà ti fi samáríọ̀mù dípò lántánọ́ọ̀mù, wọ́n ti dé 55 K. Mo ṣì máa ń ka ìtàn ọdún yẹn pẹ̀lú ayọ̀: irin tí gbogbo èèyàn ń sá fún ló wá ṣe iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Doping ni wọ́n ń pe ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kí n máa pè é ní àbùlà, torí ará Ìbàdàn ni wá, a sì mọ bí gbẹ̀gìrì àti ewédú ṣe ń pàdé lórí àmàlà. Orúkọ náà dùn létí, ṣùgbọ́n mi ò gbà á. Nínú àbùlà, gbẹ̀gìrì wà lọ́tọ̀, ewédú wà lọ́tọ̀, ṣíbí ló pa wọ́n pọ̀. Nínú kírísítálì, átọ́ọ̀mù kan ní láti dìde kí òmíràn tó jókòó sí àyè rẹ̀ gan-an. Ìfirọ́pò ni mo máa ń pè é.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ilé kí ẹ tó mọ àlejò

Gbogbo ẹbí yìí ló ní ohun kan náà nínú: ìpele irin. Àwọn átọ́ọ̀mù irin tò bíi táìsì ilẹ̀ pálọ̀, onígun mẹ́rin-mẹ́rin. Áséníìkì (tàbí sẹlẹ́níọ̀mù, nínú FeSe) ò sí nínú ìpele yẹn fúnra rẹ̀. Ọ̀kan wà lókè, èyí tó tẹ̀ lé e wà nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò lọ. Ẹni tó bá ti dúró lórí òkè Mápó rí, tó wo páànù tó bo ìlú yìí, á mọ bó ṣe rí: ó gùn sókè, ó sọ̀ kalẹ̀, síbẹ̀ páànù kan ṣoṣo ni.

Ohun tó wà láàárín ìpele kan àti èkejì ló ń ya àwọn ẹbí náà sọ́tọ̀, nọ́ńbà inú fọ́múlà ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n. FeSe, tí wọ́n ń pè ní 11, kò ní nǹkan kan láàárín, ìpele lé ìpele ni. Lọ́dún 2008 ni wọ́n rí i ní Taiwan pé ó ń di súpákọ́ńdọ́tọ̀ ní bíi 8 K. LiFeAs, tí í ṣe 111, ní líthíọ̀mù láàárín, ó sì ń dé bíi 18 K láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan rọ́pò nǹkan. BaFe2As2 ni 122, LaFeAsO ni 1111.

122 ni kí ẹ fi ṣe ìwé kíkà yín. Kírísítálì rẹ̀ rọrùn láti hù tóbi, nítorí náà àwọn èèyàn ti wọ̀n ọ́n láti gbogbo ọ̀nà, ẹ ò sì ní wá iye kan tì.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá àyè tí àlejò náà jókòó sí

Nínú BaFe2As2, àyè mẹ́ta ló wà.

Àkọ́kọ́ ni àyè bérííọ̀mù, tó wà lóde ìpele irin. Lọ́dún 2008, àwọn Rotter, Tegel àti Johrendt ní Munich, ní Jámánì, fi pòtásíọ̀mù sí àyè yìí. Nígbà tó di ìdá 40 nínú 100, Tc dé 38 K. Ẹ wo bó ṣe rí: ọ̀nà tí ẹ̀lẹ́kítírọ́nì ń gbà kọjá wà nínú ìpele irin, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Èkejì ni àyè irin fúnra rẹ̀. Lọ́dún 2008 kan náà, àwọn Sefat ní Oak Ridge ní Amẹ́ríkà fi kóbáàtì síbẹ̀. Níbi tó ti dára jù, Tc rẹ̀ kò ju bíi 22 sí 24 K lọ. Àlejò yìí jókòó sáàárín ọ̀nà, ó ń mú ìrànwọ́ wá, ó sì ń dí àwọn tó ń kọjá lọ́wọ́. Ìdí kan nìyẹn tí kò fi bá pòtásíọ̀mù dọ́gba.

Ẹ̀kẹta ni àyè áséníìkì. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló sábà máa ń bọ́ síbẹ̀, ó sì ń dé bíi 30 K nígbà tí ìdá 30 nínú 100 bá ti yí padà. Lójú tèmi, èyí ló dùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ máa rí ìdí rẹ̀ tí a bá ti ka ẹ̀lẹ́kítírọ́nì tán.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ka ẹ̀lẹ́kítírọ́nì

Ẹ mú ìwé. Bérííọ̀mù kan ń fi ẹ̀lẹ́kítírọ́nì 2 sílẹ̀. Áséníìkì kan ń gba 3, méjì wọn á gba 6. Bérííọ̀mù ti san 2, ó ku 4, irin méjì ló máa pín in san, 2 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Irin kan ní ẹ̀lẹ́kítírọ́nì 8 lóde, ó san 2, ó ku 6. Ìyẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìṣírò.

Ó yá, ẹ fi pòtásíọ̀mù rọ́pò bérííọ̀mù. Pòtásíọ̀mù ò ní ju 1 lọ tó lè fi sílẹ̀. Tí x, ìyẹn ìdá tí a fi rọ́pò, bá jẹ́ 0.4, gbèsè 0.4 kù tí irin méjì máa pín, 0.2 fún irin kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nì dín kù nínú ìpele. Ibi tó ṣófo yẹn ni wọ́n ń pè ní ihò.

Kóbáàtì yàtọ̀. Ó fi ẹ̀lẹ́kítírọ́nì 1 ju irin lọ, nítorí náà bí 0.06 nínú irin bá di kóbáàtì, a ti fi 0.06 kún irin kọ̀ọ̀kan. Níkẹ̀lì fi 2 ju irin lọ. Ìdí nìyẹn tí níkẹ̀lì kì í pọ̀ tó kóbáàtì kó tó dé góńgó tirẹ̀.

Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ńkọ́? Ìlà ìnàró kan náà ni òun àti áséníìkì wà lórí àtẹ àwọn élímẹ́ǹtì, 3 náà ló ń gbà. Iye ẹ̀lẹ́kítírọ́nì kò yí padà rárá, síbẹ̀ súpákọ́ńdọ́tọ̀ jáde. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyí. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé fífi ẹ̀lẹ́kítírọ́nì kún un tàbí yíyọ ọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ doping, ẹ fi BaFe2(As1−xPx)2 hàn án. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kéré ju áséníìkì lọ, ó fún ilé náà pọ̀ láti inú. Tí ẹ bá tẹ BaFe2As2 láti òde pẹ̀lú ẹ̀rọ ìfúnpọ̀, láìfi nǹkan rọ́pò nǹkan, òun náà á di súpákọ́ńdọ́tọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún x. Ọ̀pọ̀ project ti bàjẹ́ níbí. Àwọn kan ń kọ ọ́ ní Ba(Fe1−xCox)2As2, àwọn mìíràn ń kọ ọ́ ní BaFe2−xCoxAs2. x = 0.06 ti àkọ́kọ́ ni x = 0.12 ti èkejì. Ohun kan náà ni, nọ́ńbà méjì. Tí ẹ bá kó iye láti inú ìwé méjì sórí gíráàfù kan láìwo bí wọ́n ṣe kọ fọ́múlà, òkè méjì ló máa hù lórí gíráàfù yín níbi tí òkè kan ṣoṣo wà. Ẹ tún wò ó bóyá x tí wọ́n kọ jẹ́ èyí tí wọ́n wọ̀n sínú ìkòkò tàbí èyí tí wọ́n wọ̀n nínú kírísítálì lẹ́yìn tó ti hù. Gbogbo ohun tó wọ ìkòkò kọ́ ló ń wọ kírísítálì.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ya gíráàfù náà fúnra yín

Ẹ má tẹ̀ ẹ́ láti inú ìwé ẹlòmíràn. Ẹ fi x sí ìsàlẹ̀, ìwọ̀n ooru ní Kelvin sí ẹ̀gbẹ́, láti 0 dé 150.

Ojú àmì àkọ́kọ́ ni x = 0, 140 K. Nígbà tí BaFe2As2 tí wọn ò fi nǹkan kan rọ́pò bá ń tutù lọ, ní nǹkan bíi 140 K ohun méjì máa ṣẹlẹ̀ sí i. Onígun mẹ́rin tó dọ́gba á fẹjú díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, á sì sún kì ní èkejì. Àwọn òòfà kékeré inú irin á tò: ní apá kan, wọ́n á kọjú síbì kan náà, ní apá kejì, wọ́n á máa kẹ̀yìn síra lọ́kọ̀ọ̀kan. Òòfà tó tò báyìí ò jẹ́ kí súpákọ́ńdọ́tọ̀ ráyè.

Fún kóbáàtì, ẹ fa ìlà òòfà yìí láti 140 K sọ̀ kalẹ̀ kíákíá, kó lọ parẹ́ ní nǹkan bíi 0.06. Súpákọ́ńdọ́tọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní bíi 0.03, kí òòfà tó lọ tán, ó gun òkè dé 22 sí 24 K ní tòsí 0.06 sí 0.07, ó sì parẹ́ nígbà tó bá fi di 0.15 sí 0.18. Fún pòtásíọ̀mù, ohun gbogbo fẹ̀: òòfà ò lọ títí dé bíi 0.25 sí 0.3, góńgó náà wà ní 0.4 pẹ̀lú 38 K, súpákọ́ńdọ́tọ̀ ò sì parẹ́ rárá títí dé KFe2As2, níbi tí kò ti sí bérííọ̀mù kankan mọ́. Tc níbẹ̀ kò tó 4 K.

Ẹ wo òkè tí ẹ yà. Ẹni tó bá ti se ọbẹ̀ rí á rántí iyọ̀: ó kéré, ó tẹ́, ó pọ̀, ó bàjẹ́. Àfiwé náà bá a mu dé ibì kan, ṣùgbọ́n ó fi ìdajì ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Góńgó òkè náà wà ní tòsí ibi tí òòfà ti ń kú lọ. Ẹ fi báírò yí ibẹ̀ po lórí gíráàfù yín, torí ohun tó kàn nìyẹn.

Lórí máàpù tí àwọn onífísíìsì fi ń ya ìrìn (momentum) ẹ̀lẹ́kítírọ́nì, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nì tó ń rìn nínú ìpele irin wà nínú àpò oríṣi méjì. Oríṣi kan wà láàárín gbùngbùn, àpò ihò ni. Oríṣi kejì wà ní igun, àpò ẹ̀lẹ́kítírọ́nì ni. Nínú BaFe2As2 tó mọ́, ìtóbi àpò méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tí ẹ bá sún ọ̀kan lọ bo èkejì, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ara wọn bí ìdérí àti ìkòkò rẹ̀, ìbámu yẹn ló sì ń ran òòfà lọ́wọ́ láti tò. Ẹ fi kóbáàtì sí i, àpò ẹ̀lẹ́kítírọ́nì wú, àpò ihò fún. Ẹ fi pòtásíọ̀mù sí i, òdìkejì ṣẹlẹ̀. Ìdérí ò bá ìkòkò mu mọ́, òòfà ò lè tò. Kò tíì kú tán, ó ṣì ń gbọ̀n, ó ń fẹ́ tò, kò rí i ṣe. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé gbígbọ̀n yẹn ló ń so àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nì pọ̀ ní méjì-méjì, àti pé àmì ìsopọ̀ náà nínú àpò àárín yàtọ̀ sí ti inú àpò igun, ọ̀kan jẹ́ àròpọ̀, èkejì jẹ́ àyọkúrò. s± ni wọ́n ń kọ ọ́. Nínú KFe2As2, àpò ẹ̀lẹ́kítírọ́nì ti ṣófo tán, ìsopọ̀ láàárín àpò méjì ò sì lágbára mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti Òjóò wá, ìdáhùn yín rèé. Tí a bá fi kíka nìkan ṣe é, mangáníìsì fi ẹ̀lẹ́kítírọ́nì 1 kéré sí irin, ó yẹ kó ṣiṣẹ́ bíi pòtásíọ̀mù. Ṣùgbọ́n inú ìpele irin ló jókòó sí, ó di ẹ̀lẹ́kítírọ́nì tirẹ̀ mú ṣinṣin, ìtóbi àpò ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Òòfà rẹ̀ lágbára, kò sì dáwọ́ dúró, ó ń tú ohun tó bá fẹ́ so pọ̀ ká. Wọ́n ti fi mangáníìsì ṣe é, wọ́n ti fi krómíọ̀mù ṣe é ní àyè kan náà, òòfà ló ń yí ìrísí padà, súpákọ́ńdọ́tọ̀ ò jáde.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wọn igun náà

Igun tí mo ní lọ́kàn ni èyí tó wà láàárín áséníìkì méjì, tí irin wà ní orígun rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, kò gbà ju kàkúlétọ̀ lọ. Àwọn ará Munich wọ̀n pé ní ìwọ̀n ooru inú yàrá, ẹ̀gbẹ́ BaFe2As2, tí í ṣe a, jẹ́ 3.9625 Å (Å ni ángstrọ́mù, ìdá kan nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá mítà), gíga rẹ̀, c, jẹ́ 13.0168 Å, ipò áséníìkì, z, sì jẹ́ 0.3545. Irin wà ní 0.25. Nítorí náà áséníìkì fi (0.3545 − 0.25) × 13.0168 ga ju irin lọ, ìyẹn 1.36 Å. Ẹ fi ìdajì a, 1.98125, pín sí 1.36, ẹ wá igun tí tan rẹ̀ jẹ́ èyí tó jáde, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ máa rí bíi 111.1°.

Igun tó dọ́gba pátápátá láàárín áséníìkì mẹ́rin tó yí irin kan ká jẹ́ 109.47°. Pòtásíọ̀mù ń mú a kúrú, ó ń mú c gùn, igun náà sì ń sún mọ́ 109.47° bí a ṣe ń lọ sí ọ̀nà 0.4. Tc tó ga jù nínú ẹbí yìí sábà máa ń wà ní tòsí igun yẹn, tí gíga áséníìkì sì súnmọ́ 1.38 Å. Èyí ló jẹ́ kí samáríọ̀mù, tó kéré ju lántánọ́ọ̀mù lọ, gbé Tc láti 26 K lọ sí 55 K. Ẹ má sọ ọ́ di òfin o. Ọ̀nà láti fura ni.

Ìgbésẹ̀ 6: Tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ ṣe é

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Ẹ má fi áséníìkì dán nǹkan kan wò nínú láàbù tí kò ní àpótí ìbọ̀wọ́ tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ àti ihò ìfa-èéfín tó ń ṣiṣẹ́. Májèlé ni. Kì í yọ́ kó tó di èéfín, ní nǹkan bíi 614 °C ó ti ń di èéfín tààrà, ọ̀pá kuọ́ọ̀sì tí wọ́n bá yára gbé gbóná á bẹ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì bọ́ sínú yàrá. Ìwé ẹ̀rí kò tó ohun tí èèyàn ń fi ẹ̀mí rẹ̀ wá. Sẹlẹ́níọ̀mù náà kì í ṣe ohun eré, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ lè dúró ti yín ṣe é. Òun àti tẹlúríọ̀mù ni kí ẹ fojú sí.

Ẹ jẹ́ ká wọn gíráàmù 5 ti FeTe0.5Se0.5. Irin jẹ́ 55.845, ìdajì tẹlúríọ̀mù jẹ́ 63.80, ìdajì sẹlẹ́níọ̀mù jẹ́ 39.486. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 159.131. Gíráàmù 5 pín sí 159.131 jẹ́ 0.03142 móòlù. Nítorí náà ẹ nílò irin gíráàmù 1.7547, tẹlúríọ̀mù 2.0046, sẹlẹ́níọ̀mù 1.2407.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọwọ́ yín gbọ̀n, irin sì lé ní mílígíráàmù 50, tí kò ju ìwúwo hóró ìrẹsì méjì sí mẹ́ta lọ. Ẹ ṣe ìṣírò rẹ̀: 0.05 pín sí 55.845, kí ẹ tún pín in sí 0.03142. Ó jẹ́ 0.028. Fe1.00 yín ti di Fe1.03. Àwọn McQueen fi hàn lọ́dún 2009 pé nínú FeSe, Fe1.01Se ń di súpákọ́ńdọ́tọ̀ ní bíi 8.5 K, Fe1.03Se ò sì dì í títí dé 0.5 K. Hóró ìrẹsì méjì ló wà láàárín rere àti òfo. Irin tó lé yẹn ò ráyè nínú ìpele, ó lọ jókòó sáàárín ìpele méjì pẹ̀lú òòfà rẹ̀. Ẹ tún rí i: ọ̀rọ̀ ibi ìjókòó náà ni.

Ìtàn kan wà níbí tí inú mi máa ń dùn láti sọ. Lọ́dún 2011, àwọn Takano ní Tsukuba ní Japan mú FeTe0.8S0.2, tí imí ọjọ́ ti rọ́pò díẹ̀ nínú tẹlúríọ̀mù, wọ́n ri í sínú oríṣiríṣi ọtí, wọ́n sì gbé e gbóná ní 70 °C fún wákàtí 24. Ọtí wáìnì pupa ló ṣe é dáadáa jù. Ọtí gan-an kọ́ ló ṣiṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀ síwájú, àwọn ásíìdì inú rẹ̀, bíi èyí tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́, ni wọ́n ń fa irin tó lé yẹn jáde láàárín ìpele. Àwọn ìyá wa tó ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ ìpẹtà kúrò lára aṣọ funfun ti mọ iṣẹ́ tí ásíìdì yẹn ń ṣe sí irin tipẹ́.

Fún FeSe tí kò ní tẹlúríọ̀mù, ẹ fi sọ́kàn pé oríṣi kírísítálì tí à ń wá ò lè dúró tó bá gbóná ju bíi 457 °C lọ. Lẹ́yìn tó bá ti yọ́ pọ̀ tán, ẹ fi í sílẹ̀ ní bíi 400 °C fún ọjọ́ púpọ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ sínú omi yìnyín kíákíá.

Ìgbésẹ̀ 7: Laptop, iná, àti átọ́ọ̀mù 40

Ibí ni ọ̀pọ̀ nínú yín máa ti ṣe project. Quantum ESPRESSO, tí a fi ń ṣe ìṣírò ẹ̀lẹ́kítírọ́nì inú kírísítálì, jẹ́ ọ̀fẹ́, VESTA tí a fi ń wo kírísítálì náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ fi iye a, c àti z tó wà lókè yẹn kọ ilé BaFe2As2. Àpótí rẹ̀ kan ní átọ́ọ̀mù 10, irin 4 nínú rẹ̀. Ẹ tò ó ní 2×2×1, ó di átọ́ọ̀mù 40 pẹ̀lú irin 16. Ẹ yọ irin kan ṣoṣo, ẹ fi kóbáàtì síbẹ̀: 1 nínú 16 jẹ́ 0.0625. Ẹ padà wo gíráàfù yín. Góńgó òkè kóbáàtì gan-an lẹ wà, pẹ̀lú ìfirọ́pò ẹyọ kan.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe irú ìṣírò yìí nígbà kan, inverter kú ní òru ọjọ́ kẹta, mo sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Láti ìgbà yẹn, mi ò kọ input kan láìfi max_seconds sí i. Ẹ ka iye wákàtí tí bátìrì yín lè gbé e, ẹ yọ ìdajì wákàtí kúrò, ẹ kọ èyí tó kù ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ìṣírò náà á dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, á fi gbogbo nǹkan pamọ́. Tí iná bá dé, ẹ kọ restart_mode = 'restart', yóò sì máa bá a lọ láti ibi tó dé.

Ẹ má gba ohun gbogbo tó jáde gbọ́. Irú ìṣírò yìí máa ń sọ òòfà irin di ńlá ju bó ṣe rí lọ. Wọ́n wọ̀n ọ́n ní BaFe2As2 pé ó jẹ́ bíi 0.87 μB (Bohr magneton, ìwọ̀n tí a fi ń wọn òòfà átọ́ọ̀mù) fún irin kan, ìṣírò yín sì lè fún yín ní iye tó tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú project yín bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìṣírò náà mọ̀ dáadáa ni bí àpò ṣe ń wú tàbí tó ń fún. Ẹ ya àpò ti 16 irin láìsí kóbáàtì, ẹ ya ti kóbáàtì kan, ẹ gbé méjèèjì síra. Kì í bù Tc fún yín, ẹ má ṣe sọ pé ó bù ú.

Ìgbésẹ̀ 8: Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé lóòótọ́ ni

Nitrogen olómi ò lè ran yín lọ́wọ́. 77 K ló ń hó, bẹ́ẹ̀ èyí tí Tc rẹ̀ ga jù nínú àwọn tí mo dárúkọ kò ju 55 K lọ. Hílíọ̀mù ni, tàbí ẹ̀rọ atutù tó lè sọ̀ kalẹ̀ dé 4 K.

Tí ohun tí ẹ ṣe bá dé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, wáyà mẹ́rin ni kí ẹ fi wọn ìdíwọ́ rẹ̀, méjì fún iná, méjì fún fólítéèjì, kí ìdíwọ́ wáyà fúnra rẹ̀ má bàa wọ inú rẹ̀. Kí ẹ má sì fi ìdíwọ́ tó di òdo nìkan ṣe ẹ̀rí. Òwú tín-ín-rín kan tó jẹ́ súpákọ́ńdọ́tọ̀ nínú òkúta tí kò jẹ́ nǹkan kan lè gbé iná kọjá, òdo á sì hàn lójú ẹ̀rọ. Ẹ wọ̀n bó ṣe ń lé òòfà jáde, kí ẹ wo ìdá mélòó nínú rẹ̀ ló ń lé e. Ìdá yẹn ni kí ẹ kọ sí iwájú Tc nínú ìwé yín, pẹ̀lú x tí ẹ wọ̀n nínú kírísítálì, àti orúkọ àyè tí átọ́ọ̀mù náà jókòó sí.